Ìyáàfin Anna Hinderer, Olùkọ́ ní Kúdẹtì

Nígbà tí a bá ń pín iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́, tí a sì rán òmíràn nínú wọn lọ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnìkan, ọkàn rẹ̀ a máa dààmú. Ta ni yóò tọ́jú òun bí àìsàn bá dé? Àwọn ọmọ ibẹ̀ yóò ha gbọ́ ọ̀rọ̀ òun bí? Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ìtàn yìí.

Ní ọdún 1827 ni a bí Anna Martin ní agbègbè Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Lẹ́yìn náà ó wá gbé ní ìlú Lowestoft, lọ́dọ̀ àlùfáà ìjọ ibẹ̀ àti aya rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi nígbà tí òun tìkára rẹ̀ ṣì kéré. Láti ìgbà èwe ni iṣẹ́ Ìhìnrere ní ilẹ̀ òkèèrè ti wà ní ọkàn rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1852 ó di aya Àlùfáà David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ẹni tí ó ti kọ́kọ́ wá sí Ìbàdàn ní ọdún 1851. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù kìíní ọdún 1853. Kò pẹ́ tí ibà fi dá a dùbúlẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ó di oṣù kẹrin, wọ́n ti wà ní Ìbàdàn.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Jagunjagun ni àwọn ará ìlú, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí ìwé má baà sọ ọmọ wọn di ojo. Ìjòyè kan, Olúnlọ́yọ̀, ni ó fi ọmọ rẹ̀ méjì lé e lọ́wọ́, Akínyẹlé àti Yéjídé. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn mìíràn ń bọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ń bá a gbé ní Kúdẹtì. Kò bí ọmọ kan, ṣùgbọ́n Ìyá ni wọ́n ń pè é.

Ní ọdún 1860 ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà sí dí. Owó àti ẹrù kò lè ti Èkó wá mọ́. Kí àwọn ọmọ má baà kú fún ebi, a ta aṣọ, a ta ohun èlò ilé, àní títí dé páànù inú àpótí. Ìjàyè ṣubú ní ọdún 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò tíì là. Ìyáàfin náà rù, ó sì ń ṣàìsàn. Ní ọdún 1865 ni Glover, olórí ìjọba Èkó, rán Ọ̀gágun Maxwell láti gba inú igbó Ìjẹ̀bú wá mú un lọ. Wàràwàrà ni wọ́n gbéra.

Èmi kò ka lílọ rẹ̀ ti ọdún 1852 sí èyí tí ó ṣòro jù. Ẹni tí kò tíì rí ibà tàbí ìyàn lè fi ìtara lásán wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1866, nígbà tí ó ti mọ gbogbo rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ìbá dá a lẹ́bi bí ó bá jókòó sí ilé, òun àti ọkọ rẹ̀ tún padà wá.

Ọdún méjì péré ni ara rẹ̀ lè gbà. Wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1869, ó sì kú ní Norfolk ní oṣù kẹfà ọdún 1870, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Ní ìgbà náà, Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó bá wọn wá gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ ilé, ni ó ń bójú tó ìjọ ní Kúdẹtì.