Louis Pasteur àti Àwọn Àgùntàn Pouilly-le-Fort

Ní ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Dole, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ni a bí Louis Pasteur sí ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1822. Iṣẹ́ awọ ẹran ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ọmọ ogun Napoleon ni ó ti jẹ́ rí, kò sì ní ọrọ̀ kan ju agbára ọwọ́ rẹ̀ lọ. Louis kò fi ara hàn ní kékeré bí ọmọ tí ó mọ̀wé ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwòrán ni ó fẹ́ràn láti máa yà. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 15, wọ́n rán an lọ sí Paris láti kàwé, ṣùgbọ́n àárò ilé mú un tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ní láti lọ mú un padà wá láìpẹ́ ọjọ́. Ọmọ tí ó sunkún ilé yìí ni ó tún padà lọ ní ọdún 1843, tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga École Normale.

Ẹ̀kọ́ kẹ́místrì ni ó kọ́, òun náà ni ó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí. Ó fi hàn pé àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín, tí ojú lásán kò lè rí, ni ó ń mú kí ọtí kan àti kí wàrà bàjẹ́. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń gòkè bẹ́ẹ̀ ni ìbànújẹ́ ń wọlé tọ̀ ọ́. Nínú ọmọ márùn-ún tí Marie aya rẹ̀ bí fún un, mẹ́ta kú ní kékeré láàárín ọdún 1859 sí 1866. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1868, ẹ̀gbà kọlù ú, apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò sì bọ̀ sípò tán títí ó fi kú. Ẹ kíyè sí i pé lẹ́yìn àìsàn náà ni ó ṣe gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísinsìnyí.

Ní àkókò náà, àrùn kan ń pa àgùntàn ilẹ̀ Faransé lọ rẹpẹtẹ. Anthrax ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àwọn Faransé sọ ọ́ ní charbon, èyí tí í ṣe èédú, nítorí bí ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ó bá pa ti máa ń dúdú. Àgùntàn tí ó jẹ̀ ní òwúrọ̀ lè ti kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin àgùntàn rí mọ bí ó ti ń dunni tó kí ẹyọ kan ṣoṣo kú. Ẹ wá ro ti àgbẹ̀ tí ń pàdánù mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn pápá kan wà tí wọ́n ń pè ní pápá ègún, nítorí pé agbo tí ó bá jẹ̀ níbẹ̀ kì í bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ tí ẹran ti kú níbẹ̀ gbẹ̀yìn.

Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ti fi hàn ní ọdún 1876 pé kòkòrò tí ń fa àrùn yìí lè sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle bí hóró irúgbìn, kí ó sì wà nínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìkú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ni ohun tí a sin sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ń gbà dé ẹnu àgùntàn? Pasteur lọ sí oko kan nítòsí Chartres, ó rí ibì kan tí àwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀, wọ́n sì sọ fún un pé ibẹ̀ ni wọ́n sin òkú àgùntàn sí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo imí ekòló tí ó kún ibẹ̀. Ekòló ni ó ń gbé ikú gòkè wá! Èmi fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn rẹ̀ ju ìyókù lọ, nítorí ojú tí gbogbo àgbẹ̀ ní ni ó lò níbẹ̀, kì í ṣe awò olówó iyebíye.

Ní nǹkan bí ọdún 1879, bí ó ti ń ṣe ìwádìí àrùn adìẹ kan, ó rí i pé kòkòrò àrùn tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ kò pa adìẹ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń dáàbò bo adìẹ náà lọ́wọ́ kòkòrò tuntun tí ó gbóná. Ó pinnu láti dín agbára kòkòrò anthrax kù bákan náà. Nígbà tí ó kéde pé ọwọ́ òun ti tẹ̀ ẹ́, Rossignol, oníṣègùn ẹran kan tí kò gba ọ̀rọ̀ kòkòrò gbọ́, ní kí ó wá fi í hàn ní gbangba ní oko òun ní Pouilly-le-Fort, nítòsí Melun. Pasteur gbà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Roux àti Chamberland, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí ó bá yẹ̀, gbogbo ayé ni yóò gbọ́.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1881, wọ́n gún àgùntàn 24, ewúrẹ́ 1 àti màlúù 6 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára; ní ọjọ́ 17 wọ́n tún un ṣe. Àgùntàn 24 mìíràn, ewúrẹ́ 1 àti màlúù 4 ni wọn kò fi ọwọ́ kàn. Ní ọjọ́ 31, wọ́n fi kòkòrò gbígbóná sí ara gbogbo wọn pátá. Ní ọjọ́ kejì, ìròyìn dé pé ọ̀kan nínú àwọn àgùntàn tí ó gba àjẹsára ń ṣàìsàn gidigidi. Ọkàn Pasteur dàrú, ó bínú sí Roux bí ẹni pé òun ni ó ba iṣẹ́ jẹ́. Ìròyìn ayọ̀ dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà. Nígbà tí ó dé oko náà ní ọ̀sán, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, oníṣègùn ẹran àti akọ̀ròyìn ti péjọ. Àgùntàn 21 tí kò gba àjẹsára ti kú sílẹ̀ pẹ̀lú ewúrẹ́. Méjì ṣubú kú lójú àwọn ènìyàn, ọ̀kan tí ó kù kò sì rí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo àwọn tí ó gba àjẹsára ni ó dìde dúró. Abo kan tí ó lóyún nìkan ni ó kú nínú wọn lẹ́yìn náà.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò dára. Pasteur jẹ́ kí ayé gbà pé afẹ́fẹ́ ni òun fi dín agbára kòkòrò náà kù, bí ó ti ṣe ti adìẹ. Nígbà tí àwọn ìwé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní gbangba ní ọ̀rúndún ogún, a rí i pé kẹ́míkà ni Chamberland fi ṣe èyí tí wọ́n lò ní Pouilly-le-Fort. Toussaint, oníṣègùn ẹran ará Toulouse, ni ó sì ti kọ́kọ́ lo kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1880. Toussaint kú ní ọdún 1890 láì rí ọlá tí ó tọ́ sí i. Iṣẹ́ ńlá ni Pasteur ṣe, kò yẹ kí ó fi ti ẹlòmíràn pamọ́.

Àwọn àgbẹ̀ kò bìkítà nípa ìyẹn. Kí ó tó di ọdún 1895, ó lé ní mílíọ̀nù 3 àgùntàn tí ó ti gba àjẹsára ní ilẹ̀ Faransé, ìwọ̀n tí ń kú sì ti wá sílẹ̀ sí bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885, Pasteur bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú Joseph Meister, ọmọ ọdún 9 tí ajá dìgbòlugi bù jẹ, ọmọ náà kò sì kú. Owó ìdáwó láti ilẹ̀ púpọ̀ ni a fi kọ́ ilé ìwádìí tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Paris, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1888. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1895, abẹ́ ilé náà ni wọ́n sì sin ín sí. Àwòrán àgùntàn wà lára ògiri ibojì rẹ̀.

Àrùn náà kò tíì tán láyé. Ní oṣù Keje ọdún 2023, a rí i ní oko ẹran kan ní Suleja, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Abẹ́rẹ́ tí a ń lò fún un lónìí kì í ṣe ti Pasteur mọ́. Láti ara èyí tí Max Sterne ṣe ní South Africa ní nǹkan bí ọdún 1937 ni ó ti wá, ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, nítòsí Jos, sì ń ṣe é fún àwọn tí ń sin ẹran.