Basil Brown: Àgbẹ̀ Tó Hú Ọkọ̀ Ọba Jáde Nínú Ilẹ̀

Tí a bá dárúkọ Sutton Hoo, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni àṣíborí ogun tó wà ní British Museum ní London. Àwòrán rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ìtàn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ló mọ orúkọ ọkùnrin tó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀ ibẹ̀. Kò wọ yunifásítì rí. Ọmọ ọdún 12 péré ni nígbà tó fi ilé ìwé sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àwa tí à ń lé dìgírì kiri mọ ìtàn rẹ̀.

Wọ́n bí Basil Brown ní ọjọ́ 22, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1888 ní Bucklesham, abúlé kan nítòsí Ipswich, ní Suffolk, ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àgbẹ̀ ni George bàbá rẹ̀. Ó ṣì kéré nígbà tí wọ́n kó lọ sí Rickinghall. Nígbà tó kúrò nílé ìwé, oko bàbá rẹ̀ ló gbà lọ, ṣùgbọ́n ìwé kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ àgbà ti fi àwọn ìwé nípa ìràwọ̀ sílẹ̀, láti kékeré ló sì ti ń tú wọn wò. Ó lọ sí kíláàsì alẹ́, ó fi lẹ́tà kẹ́kọ̀ọ́ títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí ní 1907, ó sì kọ́ ara rẹ̀ ní èdè Látìn àti Faransé. Ní 1932, wọ́n tẹ ìwé tó kọ nípa àwọn máàpù ojú ọ̀run jáde.

Ó fẹ́ May ìyàwó rẹ̀ ní 1923. Oko tí àwọn méjèèjì ń dá kéré, kò tó wọn jẹ. Brown a máa gun kẹ̀kẹ́ láti abúlé dé abúlé, a máa wo ibi tí àwọn àgbẹ̀ ti tú ilẹ̀, a sì máa ṣa àpáàdì àtijọ́ níbẹ̀. Báyìí ló ṣe rí ibi tí àwọn ará Róòmù ti ń sun ìkòkò ní Wattisfield. Iṣẹ́ yìí ló mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ musíọ̀mù ìlú Ipswich, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é síṣẹ́. Iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sanwó rẹ̀.

Ní Sutton Hoo, lókè odò Deben, opó kan wà tó ń jẹ́ Edith Pretty. Àwọn òkìtì ńláńlá wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, ó sì fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ wọn. Ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ musíọ̀mù Ipswich, Brown sì ni wọ́n rán sí i ní oṣù Òkúdu ọdún 1938. Ṣílè 30 ni owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀. Lọ́dún yẹn ó gbẹ́ òkìtì mẹ́ta. Àwọn olè ti ṣaájú rẹ̀ débẹ̀ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀kan lára wọn ó rí àwọn ìṣó irin, irú èyí tí wọ́n fi ń kan pákó ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ti rí irú ìṣó bẹ́ẹ̀ rí ní 1862 ní Snape, tí kò jìnnà síbẹ̀. Brown fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tó padà wá ní oṣù Èbìbí ọdún 1939, òkìtì tó tóbi jù ni Ìyáàfin Pretty ní kó ṣí. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọgbà obìnrin náà ló ń bá a gbẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, wọ́n kan ìṣó irin kan. Brown dá iṣẹ́ dúró, ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ àti irinṣẹ́ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í ha iyanrìn. Ó rí ìṣó kejì, ó rí ìkẹta, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn.

Ibí ni ọgbọ́n ọkùnrin yìí wà. Iyanrìn ibẹ̀ ti jẹ pákó ọkọ̀ náà tán pátápátá. Ohun tó kù ni ìṣó tó ti dípẹtà àti àmì pákó tó dúdú lára iyanrìn. Ẹni tó bá yára yóò gbẹ́ ọkọ̀ náà dànù láìmọ̀ pé ọkọ̀ ni. Brown kò yọ ìṣó kankan kúrò níbi tó wà. Láti inú ọkọ̀ ló ti ń kó iyanrìn síta, títí ọkọ̀ tó gùn tó mítà 27 fi hàn gbangba. Àwọn olè ti gbìyànjú níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ìgbà kan ti ro ẹ̀gbẹ́ kan òkìtì náà kúrò, ibi tí wọ́n rò pé ó jẹ́ àárín kì í ṣe àárín mọ́. Bí wọ́n ṣe tàsé ìṣúra náà nìyẹn.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ rò pé ọkọ̀ Viking ni, nítorí pé irú òkú ọba tí wọ́n sin pẹ̀lú ọkọ̀ ti hàn ní Gokstad àti Oseberg ní Norway. Charles Phillips láti Cambridge wá wò ó, ẹnu yà á. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára musíọ̀mù Ipswich. Ní oṣù Agẹmọ, Phillips àti àwọn awalẹ̀pìtàn tó mọṣẹ́ dunjú gba àbójútó yàrá òkú. Ní ọjọ́ 21, Peggy Piggott kan wúrà àkọ́kọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: idà, asà, àṣíborí, àwo fàdákà láti Bísáńtíọ̀mù, àti owó wúrà 37 láti ilẹ̀ àwọn Frank. Owó yìí ló jẹ́ kí a mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún keje ni wọ́n sin ín, ṣáájú kí àwọn Viking tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Anglo-Saxon ló ni ín. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Ọba Rædwald ni wọ́n sin síbẹ̀.

Kí a má purọ́, iṣẹ́ tí Phillips àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe dára, ogun sì ń bọ̀, kò sí àkókò. Ṣùgbọ́n ẹni a bá lábà ni baba, Brown ni wọ́n sì bá lábà. Ó padà di ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ iyanrìn. Ní oṣù Ògún, ìgbìmọ̀ ìwádìí dá a pé Ìyáàfin Pretty ló ni ìṣúra náà, obìnrin náà sì fi gbogbo rẹ̀ ta British Museum lọ́rẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ogun bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá pàtẹ àwọn ohun náà fún aráyé lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá láìsí orúkọ Brown níbẹ̀.

Ọdún 1939 yìí kan náà ni orí idẹ kan láti Ilé-Ifẹ̀ dé British Museum. Àgbàlá Wúnmọníjẹ̀ ni wọ́n ti rí i ní 1938, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́lé. Gbogbo wa mọ orí náà. Àwọn tó gbẹ́lẹ̀, a kì í dárúkọ wọn.

Brown kò bínú kúrò nídìí iṣẹ́. Ó ń bá musíọ̀mù Ipswich ṣiṣẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Ní 1966, ìjọba fún un ní owó ìfẹ̀yìntì £250 lọ́dún. Ó kú ní ọjọ́ 12, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1977, ní ẹni ọdún 89. Ní 2009, wọ́n gbé àmì ìrántí rẹ̀ kọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Rickinghall. Fíìmù tó jáde ní 2021 ló sì sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀ káàkiri ayé.

Ohun tó gba Brown lọ́wọ́ ìgbàgbé pátápátá ni àkọsílẹ̀ ọwọ́ ara rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń kọ ohun tó ṣe ní Sutton Hoo, ó ń ya àwòrán, ó ń wọn nǹkan. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò lè kọ ìtàn ọkọ̀ náà kí wọ́n má ṣí ìwé rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tí a bá lọ gba ìtàn lẹ́nu àgbà fún iṣẹ́ àṣekágbá wa, ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún wa sílẹ̀, bó kàwé, bí kò kàwé. Ká sì kọ ọ́ síwájú ìwé, kì í ṣe sí ìsàlẹ̀ ojú ewé tó gbẹ̀yìn.