Jeremy Bentham, ẹni tó fi òkú ara rẹ̀ tọrẹ

Bí ẹ bá dé University College ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ó rí bàbá kan tó jókòó nínú àpótí onígíláàsì, ó dé akẹtẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́wọ́. Kì í ṣe ère lásán o. Egungun ènìyàn ló wà nínú aṣọ yẹn, koríko gbígbẹ ni wọ́n fi kún un. Jeremy Bentham ni.

Wọ́n bí i ní 1748. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin, ṣùgbọ́n kò fi jẹun; ìwé ló ń kọ. Òfin tí kò bá ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn láǹfààní, ó ní kí wọ́n yí i padà. Ní 1792 àwọn Faransé sọ ọ́ di ọmọ ìlú wọn.

Láyé ìgbà yẹn, òkú àwọn apànìyàn tí wọ́n so kọ́ ni òfin gbà kí dókítà là fún ẹ̀kọ́. Kò tó wọn rárá. Ni àwọn olè bá ń hú òkú ní ibojì lóru, wọ́n ń tà á. Ní Edinburgh, Burke àti Hare ò tiẹ̀ dúró de ibojì mọ́: ènìyàn 16 ni wọ́n pa tà, kí ọwọ́ tó tẹ̀ wọ́n ní 1828.

Bentham ti kọ ọ́ sínú ìwé ogún rẹ̀ láti 1769 pé kí wọ́n la òun bí òun bá kú. Ọmọ ọdún 21 péré! Lọ́dọ̀ wa ní Kétu, ẹbí ló ni òkú. Ta ni yóò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn àgbà? Òun ò yí ọ̀rọ̀ padà títí ó fi kú ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1832. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, dókítà Southwood Smith, ọ̀rẹ́ rẹ̀, là á níwájú àwọn ènìyàn, tí àrá ń sán kíkankíkan. (Nílé wa, wọn ì bá ti sọ tàrá yẹn di nǹkan mìíràn.) Wọ́n fẹ́ gbẹ orí rẹ̀ pa mọ́, ó bàjẹ́, ìda ni Jacques Talrich, ọmọ Faransé, fi ṣe èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí.

Ohun tó ń dùn wá nìyí. Lọ́dún yẹn kan náà, òfin tuntun jáde: òkú aláìní tó bá kú sílé tí wọ́n ń kó wọn sí, tí ẹnikẹ́ni ò wá gbà, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn lè gbé e. Southwood Smith fúnra rẹ̀ ti ń béèrè irú òfin bẹ́ẹ̀ láti 1824. Olè ibojì kásẹ̀ nílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Bentham fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé. Àwọn aláìní yẹn, ẹnì kankan ò bi wọ́n.