Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ tó rí iná nínú òróró

Kò sí ará Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ògùn Waterside tí kò mọ tiransifọ́mà. Bó bá ti bú gbàmù, òkùnkùn bo àdúgbò nìyẹn. Ẹni tó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ yìí lélẹ̀ ni Michael Faraday, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọjọ́ 22, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1791 ni wọ́n bí i nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, ìyà sì jẹ wọ́n. Kò fi bẹ́ẹ̀ rí ilé-ìwé lọ. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń di ìwé, ọdún méje ló sì lò níbẹ̀. Ìwé tó ń dì náà ló ń kà. Ní 1812, ó lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Humphry Davy, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dì í ní ìwé, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà. Báyìí ló ṣe di ọmọ iṣẹ́ ní Royal Institution ní 1813.

Ní 1831, ó wé wáyà méjì mọ́ òrùka irin kan, wọn kò sì kan ara wọn. Bó bá ti tan iná sí ọ̀kan, tàbí tó pa á, iná á ṣẹ́ yọ lára èkejì. Òrùka yìí ni bàbá ńlá tiransifọ́mà.

Ní 1838, ó kọ̀wé lórí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ nígbà tí iná bá já gba inú ohun tí kì í gbé iná. Ó dán an wò nínú òróró tọpẹntáìnì. Ìmọ́lẹ̀ náà yọ ẹ̀ka, ṣùgbọ́n ó ṣe bàìbàì débi pé inú yàrá tó ṣókùnkùn biribiri nìkan ló ti ṣeé rí. Ó kíyè sí i pé bí eruku tàbí òwú sẹ́dà bá wà nínú òróró, ìmọ́lẹ̀ náà máa ń tètè yọ.

Ẹ̀kọ́ yẹn ṣì wúlò. Epo inú tiransifọ́mà kì í jẹ́ kí iná já, òun ló sì ń mú wáyà tutù. Bí omi tàbí ìdọ̀tí bá wọ̀ ọ́, tàbí tí olè bá fà á, ewu dé. Lónìí, àwọn onímọ̀ ń fi kámẹ́rà tó yára gan-an ya irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí ìjàǹbá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nínú epo.

Wọ́n fi oyè Sir lọ Faraday, kò gbà á. Ọ̀gbẹ́ni lásán ló fẹ́ máa jẹ́. Ó kú lọ́jọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 1867, lẹ́ni ọdún 75. Kò bímọ, ṣùgbọ́n gbogbo ilé tí iná ń tàn ló ń jẹ́rìí iṣẹ́ rẹ̀.