Archibald McIndoe, ṣáájú ogun àti lẹ́yìn rẹ̀

Ojú àwọn awakọ̀ òfuurufú tó jóná nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni ọ̀pọ̀ wa fi mọ Archibald McIndoe. Ọ̀nà mìíràn ni èmi gbà pàdé rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń kọ́ṣẹ́: ihò ìtọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ okó dípò orí rẹ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, méjèèjì ló tú. Olóólà ti dákọ́ fún un láti ọjọ́ kẹjọ, nítorí náà adọ̀dọ́ tí à bá fi tún un ṣe ti lọ. Àpá ló kù. Níbo la ó ti rí awọ?

McIndoe ti bá ìbéèrè yìí jà. Dunedin, ní New Zealand, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1900. Ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, ó wá kó lọ sí London ní ọdún 1930. Iṣẹ́ tó ń retí kò bọ́ sí i. Ìbátan rẹ̀, Harold Gillies, ló fà á wọ iṣẹ́ títún ara ṣe. (Ẹni tó lẹ́bí ló ríṣẹ́, níbẹ̀ náà.)

Ní 1937 ló kọ̀wé nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́kọ́ na okó tó tẹ̀, yóò jẹ́ kó jinná. Lẹ́yìn náà, yóò la ihò tóóró gba inú rẹ̀, yóò fi awọ fẹ́lẹ́ tó gé láti ibòmíràn we kátítà, ojú ẹ̀jẹ̀ awọ náà síta, yóò tì í wọlé kó lè lẹ̀ mọ́ ẹran. Nové-Josserand ti ṣe irú rẹ̀ ní Lyon ní 1897. Ṣùgbọ́n awọ fẹ́lẹ́ máa ń súnkì bó ti ń jinná, ihò náà á sì dí. Ohun tí McIndoe tẹnu mọ́ ni sùúrù: kò yọ nǹkan tó gbé awọ ró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lójú tèmi, èyí ju ọ̀bẹ rẹ̀ lọ.

Ogun dé ní 1939, ó lọ sí ilé ìwòsàn Queen Victoria ní East Grinstead. Ó rí i pé àwọn tó já sínú òkun ń jinná dáadáa ju àwọn yòókù lọ, ó wá ń fi omi iyọ̀ wẹ àwọn tó jóná. Àwọn aláìsàn rẹ̀ dá Guinea Pig Club sílẹ̀ ní 1941. Ní 1957, òun, Michael Wood àti Thomas Rees dá ẹgbẹ́ dókítà tó ń fi bàlúù kiri Ìlà-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 1960.

Lónìí, fún ọmọ tí iṣẹ́ abẹ ti tú fún, a kì í sábà la ihò bẹ́ẹ̀ mọ́. Àpá ni a ń gé kúrò, a ó tẹ́ awọ ẹ̀yìn etí tàbí ti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ síbẹ̀, a ó dúró bí oṣù mẹ́fà kó rọ̀, ká tó ká a di ihò. Màmá ọmọ náà bi mí ìdí tí wọn kò fi parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣàlàyé bí awọ ṣe ń súnkì. Mo tún bẹ̀ wọ́n pé bí ọkùnrin mìíràn bá dé, kí wọ́n wo ibi tí ìtọ̀ ti ń jáde kí wọ́n tó pe olóólà.