Ambroise Palisot de Beauvois (1752–1820): Onímọ̀ Kòkòrò Tí Ó Kọ Orúkọ Warri Sínú Ìwé Sáyẹ́ǹsì

Ìfáàrà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kòkòrò kan wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó máa ń gbẹ́ ihò sínú ọ̀pẹ. Ara rẹ̀ le, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n sí dúdú, ìwo kan ṣoṣo sì wà ní orí rẹ̀. Oryctes owariensis ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ̀ ọ́n sí kárí ayé. Ọ̀rọ̀ kejì nínú orúkọ yìí túmọ̀ sí ohun tí ó ti Oware wá. Oware sì ni bí àwọn Faransé ṣe ń kọ orúkọ ìjọba Ìṣẹ́kírì tí a mọ̀ sí Warri, ní Ìpínlẹ̀ Delta òde òní. Ambroise Palisot de Beauvois ni ó sọ kòkòrò náà lórúkọ.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti rí ìkékúrú orúkọ ọkùnrin yìí, P.Beauv., lẹ́yìn orúkọ ewéko, láìmọ ẹni tí ó jẹ́. Àpilẹ̀kọ yìí yóò sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Yóò ṣàlàyé bí àwọn onímọ̀ ìgbà rẹ̀ ṣe ń to kòkòrò sí ìsọ̀rí, pàápàá àwọn tí ó kéré jọjọ. Yóò sì yẹ ojú ọ̀nà tí ìmọ̀ náà gbà dé Yúróòpù wò.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ìlú Arras, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, ni a ti bí Palisot de Beauvois ní ọjọ́ 27, oṣù Keje, ọdún 1752. Ó kàwé ní Paris, ó kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1772. Lẹ́yìn náà ni ó gba ipò nínú iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí owó tí ń wọlé láti orí ilẹ̀ àti igbó ọba. Nígbà tí ìjọba fagi lé ipò náà ní 1777, ó yí padà sí ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, èyí ni ìmọ̀ nípa ewéko àti ẹranko. Kò pẹ́ tí àwọn àgbà onímọ̀ fi mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1781, Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga ti Sáyẹ́ǹsì ní Paris sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn tí ń fi ìwádìí ránṣẹ́ sí i.

Ìrìnàjò sí Oware

Ìjọba Warri kì í ṣe àjèjì sí àwọn ará Yúróòpù nígbà náà. Láti ìgbà àwọn Potogí ni ọkọ̀ òkun ti ń wọ ẹnu odò Benin àti odò Forcados. Ọmọ ọba Warri kan ti lọ kàwé ní ilẹ̀ Potogí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Èdè Ìṣẹ́kírì jẹ́ ìbátan èdè Yorùbá, ìtàn ìjọba náà sì so ó mọ́ ààfin Benin, nítorí ọmọ ọba Benin ni Ginuwa tí ó tẹ ìjọba náà dó.

Ní àárín 1780 sí 1790, balógun ọkọ̀ òkun ará Faransé kan tí ń jẹ́ Landolphe fẹ́ dá ibùdó òwò sílẹ̀ ní ẹnu odò Benin. Ó ti mú ọmọ ọba Ìṣẹ́kírì kan, Boudakan, lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ní 1786, nígbà tí ó ń dá ọmọ ọba náà padà sílé, Palisot de Beauvois bá wọn wọ ọkọ̀. A gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere pé òwò ẹrú wà nínú òwò tí ibùdó náà wà fún. Onímọ̀ yìí lọ wá kòkòrò àti ewé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn olówò ẹrú là ni ó tọ̀.

Ó lo ju ọdún kan lọ ní Oware, ó sì dé ìlú Benin pẹ̀lú. Ilẹ̀ ẹrẹ̀, igbó etí odò àti oko ọ̀pẹ ni ó ti kó ohun tí ó kó. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn Faransé tí wọ́n jọ wá, àìsàn sì dá òun náà wó lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ara rẹ̀ bá ti mókun díẹ̀, yóò tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó fi díẹ̀ nínú àwọn ewéko náà ránṣẹ́ sí Antoine-Laurent de Jussieu ní Paris. Ìránṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ohun tí ó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní kùtùkùtù ni ó bọ́ lọ́wọ́ ewu tí ó dé lẹ́yìn.

Ní 1788, àìsàn lé e kúrò ní Oware. Ọkọ̀ ẹrú tí ó ń lọ sí Saint-Domingue, ìyẹn Haiti òde òní, ni wọ́n gbé e wọ̀. Ó fi ọ̀pọ̀ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní ibùdó náà. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọlu ibùdó àwọn Faransé, wọ́n sì bà á jẹ́ pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Àdánù Lẹ́yìn Àdánù

Ní Saint-Domingue, Palisot de Beauvois tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó kòkòrò àti ewéko jọ. Ó wọ inú ìgbìmọ̀ ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun, ó sì lòdì sí fífi òpin sí oko ẹrú. Ní 1791, àwọn ẹrú dìde láti gba ara wọn sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ rán an lọ sí Philadelphia ní Amẹ́ríkà láti tọrọ ìrànlọ́wọ́. Nígbà tí ó padà dé ní 1793, iná ti jó ìlú Cap-Français, iná sì ti jó àkójọ rẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n tì í mọ́lé, lẹ́yìn náà ni ó tún rí ọ̀nà padà sí Philadelphia ní ọwọ́ òfo. Kò lè lọ sílé, nítorí ìjọba tuntun ní ilẹ̀ Faransé ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí ó sá kúrò nílùú.

Ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Faransé àti orin kí ó lè rí oúnjẹ jẹ, ó sì ń fun fèrè nínú ẹgbẹ́ eléré. Charles Willson Peale, tí ó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú náà, gbà á síṣẹ́ láti to àwọn ẹranko ibẹ̀ sí ìsọ̀rí. Àwọn méjèèjì gbé ìwé àkójọ ilé náà jáde ní 1796. Ó tún rin ìrìnàjò dé ilẹ̀ àwọn Cherokee àti Creek láti wá ohun tuntun. Ọkọ̀ tí ó kó àkójọ rẹ̀ ti Amẹ́ríkà sì rì ní etí òkun Nova Scotia. Ìgbà kẹta nìyí tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń ṣègbé: ti Oware, ti Saint-Domingue, ti Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn tí ó sá lọ, ó padà sí Paris ní 1798.

Bí Wọ́n Ṣe Ń To Àwọn Kòkòrò Alápá-líle

Kí a tó sọ nípa ìwé rẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí ìmọ̀ náà ṣe rí nígbà tí ó padà dé. Àwọn kòkòrò tí à ń sọ ni àwọn tí apá iwájú wọn le bí èèpo, tí ó sì bo apá ẹlẹgẹ́ tí wọ́n fi ń fò. A ó máa pè wọ́n ní kòkòrò alápá-líle. Yímíyímí wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò inú ẹ̀wà. Aristotle ni ó ti fún wọn ní orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ títí di òní, Coleoptera. Nínú ìjọba ẹranko, ọ̀wọ́ kan ni wọ́n jẹ́ lábẹ́ àwọn kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà. A pín ọ̀wọ́ yìí sí ẹbí, a pín ẹbí sí ìran, a sì pín ìran sí ẹ̀yà. Nǹkan bí 400,000 ẹ̀yà wọn ni a ti sọ lórúkọ. Kò sí ọ̀wọ́ ẹranko mìíràn tí ó ní ẹ̀yà tó bẹ́ẹ̀.

Carl Linnaeus ni ó fi ìdí orúkọ onọ́rọ̀-méjì múlẹ̀ fún ẹranko ní 1758. Fabricius, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, gbé ìsọ̀rí tirẹ̀ ka ẹ̀yà ẹnu kòkòrò ní 1775. Ní ilẹ̀ Faransé, Geoffroy ti dá ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ ní 1762: ó ka iye oríkèé kéékèèké tí ó wà ní ìparí ẹsẹ̀. Àwọn kan ní márùn-ún ní gbogbo ẹsẹ̀. Àwọn kan ní márùn-ún ní ẹsẹ̀ iwájú àti ti àárín, ṣùgbọ́n mẹ́rin ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Àwọn kan ní mẹ́rin, àwọn kan sì ní mẹ́ta.

Ọ̀nà yìí rọrùn lára kòkòrò ńlá. Lára kòkòrò tíntìntín ni ó ti ń di ìṣòro. Kòkòrò roboto alámì tótòtó, tí ó máa ń jẹ àwọn tí ń fa omi ara ewé mu, dà bí ẹni pé ó ní oríkèé mẹ́ta; mẹ́rin ni ó ní, ọ̀kan fara pamọ́ sáàárín àwọn yòókù. Kòkòrò inú ẹ̀wà, Callosobruchus maculatus, tí kò gùn ju nǹkan bí mìlímítà mẹ́ta lọ, dà bí ẹni pé ó ní mẹ́rin, márùn-ún ni. Ẹni tí kò bá ní awò tí ó ń mú ohun kékeré tóbi yóò fi wọ́n sí àyè tí kì í ṣe tiwọn. Kódà pẹ̀lú awò, fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ fi ka kòkòrò inú ẹ̀wà sí ẹbí ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó gbà pé ẹbí àwọn kòkòrò ajẹwé, Chrysomelidae, ni ó wà. Àwọn mìíràn wà tí gbogbo ara wọn kò tó mìlímítà kan, tí apá wọn rí bí ìyẹ́ ẹyẹ.

Ìdí nìyí tí Latreille fi sọ ní 1796 pé ẹ̀yà ara kan ṣoṣo kò tó láti fi pín kòkòrò. Gbogbo ara ni kí a wò pọ̀ kí a tó mọ ẹbí rẹ̀. Àlùfáà ni Latreille. Nígbà ìyípadà ìjọba ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n tì í mọ́lé ní Bordeaux. Ó rí kòkòrò alápá-líle kékeré kan nínú yàrá ẹ̀wọ̀n, Necrobia ruficollis, ó sì dá a mọ̀. Kòkòrò náà dé ọwọ́ àwọn onímọ̀ níta, àwọn yìí sì ṣe ètò tí a fi dá a sílẹ̀.

Ìwé Rẹ̀ àti Orúkọ Tí Ó Fi Sílẹ̀

Inú àyíká onímọ̀ báyìí ni Palisot de Beauvois ti kọ ìwé rẹ̀ lórí àwọn kòkòrò tí ó kó ní Áfíríkà àti Amẹ́ríkà. Ìdìpọ̀ 15 ni ó jẹ́, pẹ̀lú ojú ìwé àwòrán 90, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1805. Nínú rẹ̀ ni Oryctes owariensis wà, àti eṣinṣin amúnijẹ tí ń jẹ́ Tabanus taeniola, tí àwọn onímọ̀ ìlera ẹran ọ̀sìn ní Áfíríkà ṣì ń pè bẹ́ẹ̀. Lónìí, a ka Oryctes sí ẹbí Scarabaeidae, ẹbí kan náà tí yímíyímí wà. Ẹni tí ó bá wo ìwo ìmọ̀lára wọn yóò rí i pé ìparí rẹ̀ pín bí ewé tí a tò léra, bí ọ̀kan tilẹ̀ ń gbé ara ọ̀pẹ, tí èkejì ń yí ìgbẹ́.

Ìwé rẹ̀ lórí ewéko Oware àti Benin, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1804, ni ó ti sọ òrúrù ní Spathodea campanulata. Níbẹ̀ náà ni ó ti dá ìran Raphia sílẹ̀, ìran tí igi ògùrọ̀ wà nínú rẹ̀. Ó sọ ibò ní Landolphia owariensis, tí ó fi so orúkọ balógun ọkọ̀ pọ̀ mọ́ orúkọ Warri. Ní 1806, lẹ́yìn ikú Michel Adanson tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ báyìí ní Senegal, a yàn án sí ipò rẹ̀ láàárín àwọn àgbà onímọ̀ ilẹ̀ Faransé. Ó kú ní Paris ní ọjọ́ 21, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1820. Ẹlòmíràn ni ó parí ìdìpọ̀ ìkẹyìn ìwé kòkòrò náà, èyí tí ó jáde ní 1821.

Ohun Tí Ó Fojú Fò

Ẹni tí ó ń ka ìtàn yìí kò gbọ́dọ̀ fi apá kan rẹ̀ pamọ́. Palisot de Beauvois kò yí èrò rẹ̀ padà lórí òwò ẹrú. Ní 1814, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù ń bèèrè pé kí òwò náà dópin, ó tún kọ̀wé láti ta kò wọ́n. Ó ti gbé láàárín àwọn Ìṣẹ́kírì àti àwọn Ẹ̀dó, ó ti jẹ oúnjẹ wọn, ó sì ti bá àwọn tí a dè ní ẹ̀wọ̀n wọ ọkọ̀ kan náà la òkun kọjá. Ẹni tí ó mọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ojú kan ṣoṣo wo kòkòrò kí a tó sọ àyè rẹ̀ ni ó fi àwọ̀ ara nìkan ṣe ìdájọ́ ènìyàn. Ìmọ̀ tí ó péye nípa kòkòrò kò dènà àṣìṣe ńlá yìí.

Ìkádìí

Púpọ̀ nínú ohun tí Palisot de Beauvois kó jọ ti bá iná àti omi lọ. Ohun tí ó kù ni àwọn ewéko tí ó tètè fi ránṣẹ́, ìwọ̀nba kòkòrò, àwòrán, àpèjúwe, àti orúkọ. Nínú orúkọ wọ̀nyẹn, owariensis ń rántí ìjọba kan tí ó gba àlejò sí etí odò rẹ̀. Iṣẹ́ kò tíì parí ní agbègbè náà. Àwọn kòkòrò tíntìntín inú ẹrẹ̀, inú igi jíjẹrà àti inú ọkà ìpamọ́ ní Warri àti àyíká rẹ̀ ṣì ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ka oríkèé ẹsẹ̀ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ Ìṣẹ́kírì, Ùròbò tàbí Yorùbá yóò lè ṣe ohun tí àlejò ọdún 1786 kò ráyè ṣe tán: yóò kọ orúkọ tí àwọn ará ilé ń pè wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú, ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ Látìn.