Karl Koller: Dókítà tó mú ìrora kúrò nínú iṣẹ́ abẹ ojú

Kó tó di ọdún 1884, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún, ojú ẹ̀ náà ló máa ń wo ọ̀bẹ bó ṣe ń bọ̀. Oògùn tó ń kunni lóorun ti wà lóòótọ́, àmọ́ èébì tó máa ń gbé aláìsàn tó bá jí lè ba iṣẹ́ ojú jẹ́.

Karl Koller, ọmọ Júù tí wọ́n bí ní Bohemia lọ́dún 1857, ló wá ọ̀nà àbáyọ. Dókítà tó ṣì kéré ni nílé ìwòsàn ńlá Vienna. Ọ̀rẹ́ ẹ̀, Sigmund Freud, ń ṣèwádìí lórí kokéènì, tó máa ń jẹ́ kí ahọ́n kú. Koller wá ronú pé ohun tó lè pa ahọ́n lè pa ojú náà.

Ó kán omi kokéènì sójú àkèré, ó fọwọ́ kàn án, àkèré ò ṣẹ́jú. Ó dán an wò lára ehoro àti ajá. Lẹ́yìn náà, òun àti ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kán an sójú ara wọn, wọ́n forí píìnì tẹ ẹyinjú, wọn ò mọ nǹkan kan.

Iṣan ló ń gbé ìròyìn ìrora lọ sọ́pọlọ. Sodium gbọ́dọ̀ wọnú sẹ́ẹ̀lì iṣan kí ìròyìn náà tó lè kọjá. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni kokéènì ń dí, títí agbára ẹ̀ á fi tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni lidocaine, tí wọ́n ń gún síni lẹ́rìgì kí wọ́n tó yọ eyín, ṣe ń ṣiṣẹ́ lónìí.

Ní September 15, 1884, wọ́n ka àbájáde náà fáwọn dókítà ojú ní Heidelberg. Koller ò lówó ọkọ̀, ẹlòmíì ló bá a kà á. Kò pẹ́ tó fi tàn dé Amẹ́ríkà.

Àmọ́ ní January 1885, dókítà kan bú u torí pé ó jẹ́ Júù. Koller gbá a létí, ni wọ́n bá fi idà bá ara wọn jà. Ẹni tó bú u ló fara gbọgbẹ́, síbẹ̀ Koller ò rí ipò tó ń wá ní Vienna gbà.

Ó gba Netherlands lọ sí New York lọ́dún 1888, ó sì ṣiṣẹ́ ní Mount Sinai. Lọ́dún 1922, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ojú Amẹ́ríkà fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Ibẹ̀ ló kú sí ní March 1944, lẹ́ni ọdún 86, ó jìnnà sí ìlú tó ti ṣe àwárí ẹ̀.